Àwọn Igi Tí Kò Ní Òpópónà

Ní ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ tí ń bójú tó igi ìgboro, obìnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Ìsọ̀rí, láti orí ọ̀gá tó ni tábìlì ńlá títí dé orí ẹni tí ń nu fèrèsé. Ó ti lé dáadáa lẹ́ni ogójì ọdún kí orúkọ náà tó bá a, kò sì bínú sí i. Iṣẹ́ tí kò ṣeé fojú rí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí aráyé bá rí nǹkan kan fi pe irú òun, ọpẹ́ ló yẹ kí òun máa dá.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè kejì. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ilé ńlá mìíràn, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹni tí ń kọ ojú ewé nípa igi ń rí lójoojúmọ́ kò ju táǹkì omi àti okùn ìsáṣọ lọ. Kò sí ewé kan ṣoṣo níbẹ̀. Fáànù tó wà lókè orí rẹ̀ a máa yí bí ẹni tó ṣì ń rò ó bóyá kí òun yí. Ó ká aṣọ àtijọ́ kan sórí àga nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó sì lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan àtẹ òpópónà láìkọ́kọ́ bi òun.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba èèyàn ló ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo igi tó wà létí títì ló ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú dátábéèsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí: irú igi tó jẹ́, bó ti tóbi tó, ìgbà tí wọ́n gbìn ín, àti òpópónà tó wà. Ará ìlú tó bá ṣí ojú ewé náà lórí fóònù rẹ̀ kò fẹ́ rí ìdàrúdàpọ̀. Ó fẹ́ rí orúkọ òpópónà gẹ́gẹ́ bí àkọlé, kí àwọn igi ibẹ̀ sì tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ilé kan jókòó sábẹ́ òrùlé kan. Dátábéèsì ní tirẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdílé. Tí a bá bi í, yóò da gbogbo wọn sílẹ̀ bí ẹ̀pà tó tú nínú àpò. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó kọ fún kọ̀ǹpútà, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ nípa orúkọ òpópónà, kó wá máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa rántí òpópónà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí igi tó kàn bá jẹ́ ti òpópónà kan náà, kó bọ́ sísàlẹ̀ kó jókòó ti àwọn ẹbí rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ tibẹ̀, kí kóòdù pa ilẹ̀kùn ti àkọ́kọ́ dé, kó kọ àkọlé tuntun. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju kí a máa rántí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì, ó gbàgbé láti tò wọ́n. Òpópónà kan náà wá ń yọjú léraléra lórí ojú ewé, bí àlejò tó ń kí onílé kú ilé lákọ̀tun nígbàkigbà tó bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà títí, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe kóòdù ló kọ́ nígbà èwe. Títẹ ìwé ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń ró gbàù-gbàù. Ó fẹ́ ọkọ, ọkọ náà bá tirẹ̀ lọ láìsí ìjà àti ariwo, òun náà sì pa dà sí ilé ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ọmọ tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ ká ní ó bí. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé inú ilé àyágbé, látorí èyí tí omi kì í wọ̀ dé orí èyí tí omi kì í dá nínú rẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ pé kó kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ dúró díẹ̀. Ọwọ́ náà mọ ohun tó fẹ́ kọ; òun ni kì í jẹ́ kó kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí ojú ewé tuntun náà yóò jáde sí gbangba ló ṣàkíyèsí pé ìṣirò kò bára mu. Kóòdù rẹ̀ ka gbogbo igi ìlú, ó sì kọ iye wọn sí òkè ojú ewé. Àmọ́ nígbà tó ro iye tó wà lábẹ́ àwọn àkọlé pọ̀, igi méje dín. Ẹlòmíràn ì bá fojú fò ó. Kí ni igi méje nínú gbogbo igi ìlú? Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìsọ̀rí ṣe lè sùn nígbà tí igi méje kò ní ìsọ̀rí.

Ó tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àtẹ méjì ni kóòdù náà ń fi síwájú ara wọn: àtẹ igi àti àtẹ òpópónà. Igi tí òpópónà rẹ̀ kò bá sí lórí àtẹ kejì, kóòdù kò ní pariwo, kò sì ní bèèrè. Yóò kàn yọ ọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó wá pàṣẹ fún un pé kó kó àwọn tó yọ sílẹ̀ wá. Ìlà méje hàn lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ kan náà ló sì wà ní òpin gbogbo wọn: Òpópónà Onígbàjámọ̀.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó gbé e lé itan.

Òpópónà Onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti bí i. Òpópónà kúkúrú kan ni, tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí awakọ̀ kan má bú èkejì. Onígbàjámọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ pàápàá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó mọ orí í fá. Ní iwájú ilé wọn ni igi máńgòrò kan wà tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ tún rédíò ṣe, débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà tí ohùn àjèjì kan kì í sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi náà, tí á sọ ìdajì gbólóhùn, tí á sì dákẹ́. Bàbá náà ti kú. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń wá ilẹ̀ sí i. Wọ́n sanwó fún àwọn onílé, wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ wò ó, eruku ló rí, ó sì pa dà. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀nà rẹ̀ bá já sí ìhà ibẹ̀, á ní kí awakọ̀ gba ibòmíràn. Ó ti gbà pé wọ́n ti bẹ́ àwọn igi náà pẹ̀lú. Kò bi ẹnikẹ́ni rí, nítorí ó bẹ̀rù ìdáhùn.

Àmọ́ déètì tó wà níwájú àwọn ìlà wọ̀nyí kì í ṣe ti àtijọ́. Oṣù tó kọjá ni ẹnì kan wọ̀n wọ́n.

Ó pe ẹni náà lórí fóònù. Bàbá Onítéèpù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń rìn káàkiri ìlú tí ń fi téèpù yí ìdí igi ká, tí á sì tẹ ohun tó bá rí sínú fóònù tí ìjọba fún un.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Àǹtí Ìsọ̀rí! Èwo ni mo tún dà rú báyìí?"

"Kò sí èyí tẹ́ ẹ dà rú, Bàbá. Àwọn igi Òpópónà Onígbàjámọ̀ ni mo ní kí n béèrè. Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà digbí! Máńgòrò kan wà níbẹ̀ tó sanra ju àbúrò ìyàwó mi lọ. Díẹ̀ ló kù kí téèpù má yí i ká."

"Níbo ni wọ́n wà gan-an, sà?"

"Inú ọgbà ilé ìwòsàn ńlá yẹn, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kọ Òpópónà Onígbàjámọ̀?"

Ó ń retí pé bàbá náà yóò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan, ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìrántí, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń sọ nínú ìwé.

"Fóònù yìí ló kọ ọ́," ni Bàbá Onítéèpù wí. "Tí mo bá ti tẹ lẹ́tà méjì, òun fúnra rẹ̀ ló ń parí ìyókù. Oòrùn ń pa mí lórí, ọmọ mi, ṣé kí n tún máa bá fóònù jiyàn ni?"

Bí ó ti rí nìyẹn. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹnikẹ́ni ló pa orúkọ òpópónà wọn mọ́. Ẹ̀rọ tó ń rántí ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sí i rí ni, àti ọkùnrin kan tí oòrùn ń pa.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, tó máa ń sọ "kíákíá" ju bó ti ń sọ orúkọ ara rẹ̀ lọ, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí ó dàgbà jù ú.

"Ọ̀gá, igi méje kan wà tí kò rí òpópónà wọ̀."

"Ẹ kó wọn sábẹ́ 'Àwọn Mìíràn', Àǹtí. Kí la fi ń ṣe 'Àwọn Mìíràn' bí kì í bá ṣe fún irú wọn?"

"Òpópónà wọn lórúkọ, sà."

"Ṣebí wọ́n ti wó o? Tí wọ́n bá ti wó o, kò lórúkọ mọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kíákíá, Àǹtí mi. Mọ́ńdè ti dé tán."

Ó dá a lóhùn pé ó dáa. Ó pa dà sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ 'Àwọn Mìíràn', ó wò ó títí, ó sì pa á rẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló ń bá a gbé báyìí, tàbí kẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ gbé. Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá a nídìí fèrèsé, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, tó gbé awò ojú rẹ̀ sí ṣóńṣó imú.

"Mọ́mì, máńgòrò iwájú ilé wa ṣì wà láàyè."

"Ilé wa wo?"

"Ti Òpópónà Onígbàjámọ̀."

Ìyá náà fi eyín gé òwú. "Olóríkunkun igi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ẹ gbé àáké sí i."

"Kí ló dé tí wọn ò bẹ́ ẹ?"

"Ó ní tóun bá bẹ́ ẹ, ibo lòun á máa sá sí tí mo bá ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ọmọ náà bèèrè ohun tó ti ń fẹ́ béèrè láti ọdún pípẹ́. "Ẹ ò ṣàárò ibẹ̀ ni, Mọ́mì?"

"Àárò kí ni? Ti omi tí mo ń pọn ni, àbí ti òrùlé tó ń jò sí mi lórí? Ìwọ lò ń ṣàárò, torí kì í ṣe ìwọ lò ń gbé garawa sí abẹ́ ibi tó ń jò." Ó na aṣọ náà síwájú fèrèsé, ó wo bọ́tìnnì bóyá ó tọ́. Ó wá sọ̀rọ̀ láìwo ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ojú ewé tí o ní ẹ̀ ń ṣe yẹn, ṣé orúkọ òpópónà wa máa wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè náà gún un níbi tó jìnnà. Kò sí ibòmíràn mọ́ lágbàáyé tí wọ́n ti ń kọ orúkọ náà. Kò sí lára ògiri, nítorí kò sí ògiri. Kò sí lórí lẹ́tà, nítorí kò sẹ́ni tí ń kọ lẹ́tà síbẹ̀. Bí kò bá sí lórí ojú ewé yìí, á jẹ́ pé ẹnu àwọn méjèèjì nìkan ló kù sí, ọ̀kan nínú ẹnu méjèèjì sì ti ń darúgbó.

"Ẹ máa rí i níbẹ̀," ni ó wí.

"Wá fi hàn mí tó bá jáde. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà o, ojú mi ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà mọ́."

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ìpàdé, Àǹtí Ìsọ̀rí ṣí àtẹ òpópónà tí òun fúnra rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn. Bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ń wò ó. Kò gba ju ìlà kan lọ: orúkọ, nọ́ńbà, àti apá ìlú tó wà. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ orúkọ sí etí ìwé ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí yóò lọ sí ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ló ní kí kóòdù tún ojú ewé náà tò.

Ó sì rí i. Láàárín Òpópónà Olómi àti Òpópónà Onírin, pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, bí ti gbogbo àwọn yòókù, kò sí ohun tó fi hàn pé ó yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni: Òpópónà Onígbàjámọ̀. Máńgòrò ló ṣáájú, dóńgóyárò mẹ́fà tẹ̀ lé e. Iye òkè àti iye ìsàlẹ̀ bára mu. Ó fa ojú ewé náà lọ sókè, ó fà á pa dà sísàlẹ̀ kí orúkọ náà lè wá bá a bí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè ohun tó ń wá lọ́jọ́ náà, ì bá ní òun ń yẹ iṣẹ́ wò.

Kò dúró kó jáde sí gbangba; nírọ̀lẹ́ ó fi han ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá náà gbé e jìnnà sí ojú, ó kà á sókè ketekete, ó sì fi ìka kan orúkọ náà. Ojú ewé yọ̀ lọ lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Ó ti lọ!"

"Kò lọ, Mọ́mì. Ẹ fọwọ́ fà á pa dà."

Ó fà á pa dà. Ó fi ìka dì í mú, ó rọra, bí ẹni tó di ìtàkùn mú. "Ta ló wá ń gbé níbẹ̀ báyìí?"

"Igi ni, Mọ́mì. Igi nìkan."

"Ó dáa. Wọn ò ní máa yá iyọ̀ lọ́wọ́ mi." Ṣùgbọ́n kò gbé fóònù náà sílẹ̀ títí iná fóònù fi kú fúnra rẹ̀.

Ohun tí Àǹtí Ìsọ̀rí gbàgbé, òun gan-an tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo ilé iṣẹ́ lọ, ni pé ojú ewé igi nìkan kọ́ ló ń jẹun láti inú àwo yẹn. Àwọn agbálẹ̀ ìgboro náà ní ojú ewé tiwọn, òun kan náà ló kọ kóòdù rẹ̀, láti inú àtẹ òpópónà kan náà. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ní àárọ̀ kùtùkùtù ni kóòdù yìí máa ń pín àwọn òpópónà sí apá ìlú kọ̀ọ̀kan, tí á sì sọ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ibi tí wọn yóò gbá. Kóòdù kì í béèrè bóyá òpópónà ní ilé. Ó rí orúkọ, ó pín in.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lọ́jọ́ tí ojú ewé igi jáde gan-an, obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wá sókè kejì. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, eruku sì bo bàtà rẹ̀. Ìyá Agbálẹ̀ ni, ọ̀gá àwọn tí ń gbá apá ìlú tí ilé ìwòsàn wà. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò tíì mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín.

"Ta ni Ìsọ̀rí nínú yín?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ jẹ́ kí káàárọ̀ yẹn dúró síbẹ̀ ná. Ẹ̀yin lẹ gbé òpópónà tuntun lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí? A wá a! A wá a bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọ nù. A bi ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. A bi ẹni tó ń fọ mọ́tò, ó ní bóyá ní ìlú mìíràn ni. Mo wá bi aṣọ́nà ilé ìwòsàn, bàbá kan tórí rẹ̀ funfun. Ẹ mọ nǹkan tó sọ?"

"Rárá, mà."

"Ó ní, 'Òpópónà Onígbàjámọ̀ kọ́ lẹ dúró sí yìí?' Mo ní, 'Bàbá, àwọn mọ́tò olówó ni mò ń rí níbí.' Ó ní ká tẹ̀ lé òun. Ó fi ọ̀pá nà án fún wa, láti ìdí máńgòrò kan títí dé ibi dóńgóyárò tó kẹ́yìn."

"Kí lẹ wá ṣe, mà?"

"Kí la máa ṣe? Ẹ kọ ọ́ pé ká gbá a. A gbá a! Ọkùnrin kan ń ti inú mọ́tò pariwo pé ta ló rán wa níṣẹ́ abẹ́ táyà òun. Mo ní ìjọba ni."

Ẹ̀rín bú ọ̀gá nínú, ó sì gbé e mì. Ó yíjú sí Àǹtí Ìsọ̀rí. "Àǹtí. Ẹ̀yin náà?"

Ọ̀rọ̀ méjì yìí wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Ó wo bébà tó lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀gá náà sì wò ó.

"Àwọn panápaná ń ka àtẹ yẹn," ni ọ̀gá wí, láìgbé ohùn sókè. "Tẹ́nì kan bá pè wọ́n lónìí, tí òpópónà tí kò sí bá ṣì wọ́n lọ́nà ńkọ́?"

"Mo mọ̀, sà. Mi ò ní àlàyé kankan." Ó rí i pé àlàyé kan wà síbẹ̀. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi."

Ìyá Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ mira. Ó fa àga kan, ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ ọ́, ó sì ń wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ṣé ilé yín la wá gbá láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ ì bá ti sọ! Ṣebí ǹ bá kọ́kọ́ bu omi wọ́n ọn, kí eruku má baà sọ. Gbígbẹ la gbá a." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Àmọ́ ẹ yọ ọ́ o. Àwọn ọmọ mi ti ń béèrè bóyá a máa gbá inú yàrá iṣẹ́ abẹ náà lọ́la."

Ó yọ ọ́. Kò sí bí kò ṣe ní yọ ọ́, kò sì rí ẹni bá jà nítorí rẹ̀, nítorí ohun tó tọ́ ni. Ọ̀gá rẹ̀ gbà kó tún kóòdù ṣe kí igi tí kò bá ní òpópónà lè jókòó sábẹ́ orúkọ ibi tó wà; kò pọn dandan kí wọ́n jẹ́ 'Àwọn Mìíràn' mọ́. Àwọn méje náà wá bọ́ sábẹ́ àkọlé kan tó dára, tó péye, tí ará ìlú tó bá fẹ́ sọ pé ẹ̀ka já yóò tètè rí: Ọgbà Ilé Ìwòsàn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pa dà sí àtẹ òpópónà. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú. Kò dá a lójú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ló tẹ̀. Nígbà tó tún ojú ewé náà ṣí, Òpópónà Olómi àti Òpópónà Onírin ti sún mọ́ra, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó sáàárín wọn rí.

Ó tọrọ àyè, ó kúrò níbi iṣẹ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ó ń kánjú, ó sì mọ ìdí tó fi ń kánjú: ilẹ̀ tí wọ́n gbá láàárọ̀ kì í pẹ́ ní gbígbá.

"Mọ́mì, ẹ wọ bàtà. À ń jáde."

"Sí ibo?"

"Òpópónà Onígbàjámọ̀."

Ó retí pé ìyá rẹ̀ yóò dáhùn pẹ̀lú yẹ̀yẹ́. Ìyá náà wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó sì jáde, bàtà tó fi ń lọ òde ló wọ̀, ó sì ti tún irun rẹ̀ dì.

Ọkọ̀ kún inú ọgbà náà. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú fíláàsì àti ìrọ̀rí, ojú wọn jìnnà síbi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Máńgòrò náà ga ju bó ti wà lọ́kàn rẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ sì ti gbé kọnkéré tí wọ́n dà yí i ká sókè. Ojú igi kọ́ ló ń wò. Ilẹ̀ ló ń wò. Ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó tẹ̀ bí irun tí wọ́n yà, láàárín àwọn táyà, láti ìdí máńgòrò lọ títí dé ìdí dóńgóyárò tó kẹ́yìn. Ní ọ̀tún àti ní òsì, ìdọ̀tí ọjọ́ mélòó kan ṣì wà bó ti wà. Ibi tó mọ́ nìkan ló fi hàn: ọ̀nà tóóró kan, tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé nínú rẹ̀. Bí òpópónà wọn ti fẹ̀ mọ nìyẹn. Bó ti gùn mọ nìyẹn. Ó yà á lẹ́nu pé gbogbo ohun tí òun ti ń gbé kiri láti ilé àyágbé kan dé òmíràn lè wọ inú àyè tó kéré tó báyìí.

Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú. Ó ń rìn láàárín ibi tí wọ́n gbá, kò tẹ ibi tí wọn ò gbá, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ti ń lọ: ti ìyá oníránṣọ nìyí, ti àwọn ìbejì nìyí, níbí ni ajá yẹn máa ń sùn sí. Ó dé àyè kan láàárín ọkọ̀ méjì, ó dúró. Kò sọ ti ta ni ibẹ̀.

Ọmọ náà bá a níbẹ̀, ó dúró tì í. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun ti yọ orúkọ náà, pé tó bá tún ṣí fóònù, kò ní rí i. Kò tíì mọ bí òun yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan wá dúró níwájú wọn, ọkùnrin kan sì yọrí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ṣé ẹ ń kúrò níbẹ̀? Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ síbẹ̀ ni."

"Rọra fún wa, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ilé wa nìyí."

Ọkùnrin náà wo àwọn méjèèjì, ó wo ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n dúró sí. Ẹni tó ní aláìsàn nínú ilé ìwòsàn náà ni, ó ti rí oríṣiríṣi èèyàn nínú ọgbà yẹn, kò sì bèèrè. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé wá sórí ibi tí wọ́n gbá, Àǹtí Ìsọ̀rí sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.